Síkẹ́ẹ̀tì Tó Ń Sọ̀rọ̀

Lóṣù kọkànlá ọdọọdún, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Estonia máa ń pàtẹ Mardilaat, ọjà àṣà wọn, ní ìlú Tallinn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn tó wù mí jù ni kört, síkẹ́ẹ̀tì onílà táwọn obìnrin erékùṣù Kihnu ń hun. Pupa ni ti ayọ̀, dúdú ni ti ọ̀fọ̀. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣe ń lọ, pupa á máa pọ̀ sí i.

Ìjọba Soviet gba ilẹ̀ wọn ní 1940. Ó di 1991 kí wọ́n tó gbòmìnira. Àwọn ọkọ ń lọ sójú òkun, àwọn ìyá ló ń fi àṣà kọ́mọ. Ní 2003, UNESCO kéde àṣà Kihnu fáyé gbọ́. Àwa tá a wà lókè ọya ńkọ́? Kí là ń kọ́ àwọn ọmọ wa?