Ta Ló Lé Sòbìà Lọ?

"Bí sòbìà yóò bá degbò, Olúgànbe là á ké sí." Àgbàlagbà tó dàgbà ní Ìbàràpá, ní Òkè-Ògùn tàbí ní agbègbè Ìlọrin kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìbẹ̀rẹ̀ òwe yìí fún un. Ó mọ sòbìà lójú. Ó ti rí i bí aràn funfun tín-ín-rín, tí gígùn rẹ̀ lè tó mítà kan, ṣe ń yọ lẹ́sẹ̀ ènìyàn díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń rọra ká a mọ́ igi lójoojúmọ́ kó má baà já sínú ẹran ara. Bó bá já, ẹsẹ̀ á wú, ọ̀rọ̀ á sì di egbò.

Yálà ènìyàn ni Olúgànbe tàbí ewé, ohun tí òwe náà ń wí kò yí padà: bí ọ̀ràn bá kọjá agbára ilé, ká ké sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn tó ń pa á kì í sábà tú wò. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ló ń ké. Olúgànbe kì í ṣàdédé ya wọlé onílé. Bí sòbìà ṣe kúrò ní Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ ìlera tó yọrí jù lọ tí orílẹ̀-èdè yìí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókè òkun jọ ṣe, ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ké sì ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀.

Inú omi adágún ni àrùn náà ti ń wá. Kòkòrò omi kan wà tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. Òun ló ń gbé ọmọ aràn náà sínú. Ẹni tó bá mu omi náà kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun, títí di nǹkan bí ọdún kan, tí ìléròrò á yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí á máa jó o bí iná. Kí ara lè tù ú, á ti ẹsẹ̀ bọ omi. Ibẹ̀ gan-an ni aràn náà ń tú ọmọ rẹ̀ sí, tí omi gbogbo ìlú á sì tún bàjẹ́. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un títí di òní, kò sì sí oògùn tó ń pa á nínú ara.

Àwọn ọmọ ilé ti ń ṣe ìwádìí kí àwọn ọ̀rẹ́ òkè òkun tó dé. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni Oladele Kale ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ̀wé lórí sòbìà ní agbègbè Ìbàdàn. Ní Ìdèrè, ní Ìbàràpá, àwọn olùkọ́ni nípa ìlera láti yunifásítì kan náà jókòó ti àwọn ará ìlú, wọ́n sì gbọ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sòbìà ti wà lára olúkúlùkù tipẹ́, bí iṣan. Ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ kò ní rí ìdí tó fi yẹ kí òun sẹ́ omi. Ní 1985, ìpàdé àpérò àkọ́kọ́ ti Nàìjíríà lórí àrùn náà wáyé ní Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n wá ka àwọn tó ní in káàkiri orílẹ̀-èdè ní ìparí àwọn ọdún 1980, iye wọn lé ní 650,000. Ìwádìí kan tí UNICEF ṣèrànwọ́ fún ní 1987 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 20 dọ́là ni àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní apá kan gúúsù ìlà-oòrùn ń pàdánù lọ́dún nítorí sòbìà.

Igbe náà dé etí ayé. Carter Center, tí Ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀rí Jimmy Carter dá sílẹ̀, ti ń ṣe aṣáájú ìjà náà láti 1986, pẹ̀lú CDC, iléeṣẹ́ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, UNICEF àti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní oṣù Keje 1989, àwọn olùrànlọ́wọ́ péjọ sí Èkó, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 10 dọ́là. Iléeṣẹ́ DuPont àti Precision Fabrics fi aṣọ asẹ́ ta wọ́n lọ́rẹ; American Cyanamid fúnni ní Abate, oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún láti pa kòkòrò omi náà.

Aṣọ àti oògùn wúlò gan-an. Síbẹ̀, ẹ̀bùn tó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọgbọ́n kíkà. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan tí sòbìà wà, a yan ẹnì kan, ọmọ abúlé náà fúnra rẹ̀, tí yóò máa wá aláìsàn láti ilé dé ilé, tí yóò máa di egbò wọn, tí yóò kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ti ẹsẹ̀ bọ omi, tí yóò sì fi iye wọn ránṣẹ́ lóṣooṣù. Báyìí ni ọ̀pọ̀ abúlé tí kò ní nọ́ọ̀sì, tí kò ní títì, ṣe wọ inú ìwé ìjọba. Gómìnà kankan kò lè sọ mọ́ pé òun kò mọ ibi tí àrùn wà. Láti 1999, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba tẹ́lẹ̀rí, ń lọ bá àwọn gómìnà àti àwọn ará abúlé fúnra rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún omi tó mọ́.

Oṣù Kọkànlá 2008 ni wọ́n rí aláìsàn ìkẹyìn, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní oṣù Kejìlá 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Ó yẹ kí a yọ̀, kí a sì tún sọ ibi tó kù sí. Aṣọ asẹ́ ń dá kòkòrò omi dúró, kò lè dá onígbáméjì dúró. Ọ̀pọ̀ ìlú tó bọ́ lọ́wọ́ sòbìà ṣì ń mu omi odò, omi tí kò mọ́ sì wà lára ìdí tí onígbáméjì fi ń padà wá; ó jà ní Èkó pàápàá ní 2024. Olùrànlọ́wọ́ tó bá wá nítorí àrùn kan ṣoṣo á lọ nígbà tí àrùn náà bá lọ. Omi ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn alábọ́dé àti owó oṣù nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ onílé ni.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, Amẹ́ríkà dá ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró lójijì. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, USAID, àjọ ìrànwọ́ Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ òkèèrè, ti kógbá sílé. Àwọn aṣòfin ní Àbújá fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún owó ìlera ọdún náà láti dí àlàfo, wọ́n sì ṣe dáadáa. Àmọ́ ní Àbújá kan náà, ní oṣù Kẹrin 2001, àwọn olórí Áfíríkà jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ìdá 15 nínú 100 ìṣúná ìjọba wọn ni wọn yóò máa fi sí ìlera. Nàìjíríà, tó gbà wọ́n lálejò, kò tíì dé ibẹ̀ rí.