Ìfomiṣan àti Ìfàjáde: Ọ̀rọ̀ fún Ikùn tí A Kò Tíì Rán Pa

Ní Yoko, lábẹ́ Ṣakẹ́tẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, èdè méjì ló máa ń pàdé lórí ibùsùn aláìsàn. Faransé ni dókítà fi ń kọ̀wé, Nàgó ni ìyá aláìsàn fi ń béèrè ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ibà tàbí ikọ́ ni, wọn á gbọ́ra wọn yé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá la ọmọ kan níkùn nítorí pé tìfọ́íìdì ti lu ìfun rẹ̀, tí ojú abẹ wá kẹ̀, tí wọ́n ní àwọn ò tíì ní rán an pa, pé irrigation-aspiration ló kàn, ẹnu Nàgó á wọhò.

Èmi ò gbà pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Ó ní in, ṣíṣà ni a ò tíì ṣà á. Ó sì yẹ kí a ṣà á pẹ̀lú ìṣọ́ra, torí pé lọ́gànjọ́ òru, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣọ́ aláìsàn ló ń wo ìgò àti rọ́bà. Orúkọ tí a bá fún iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ sọ ohun tó yẹ kó máa wò fún un.

Díẹ̀ wà nílẹ̀ tí a kò ní láti wá. Kòkòrò tìfọ́íìdì ń bá omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn wọlé. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta àìsàn náà ló sábà máa ń lu ìfun kékeré, lápá ìparí rẹ̀, tí ohun tó wà nínú ìfun á sì tú sínú ikùn. “Ìfun ti lu” ni àwọn èèyàn ń wí, kò sì sí àtúnṣe kankan tó yẹ ká ṣe sí i. “Kẹ̀” náà ń bẹ: ọgbẹ́ tó kẹ̀ ni ọgbẹ́ tó wú, tó gbóná, tó ń ṣọyún, tó ń rùn. Kí ló dé tí a ó fi pa á tì, ká máa wá gbólóhùn gígùn nípa kòkòrò àìfojúrí?

Ibi tó le ni orúkọ ikùn náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá tú “abdomen ouvert” ti Faransé ní ẹyọ-ẹyọ á sọ pé “inú ṣíṣí”. Inú ni ibùgbé ìbínú àti ayọ̀ lẹ́nu wa, Mùsùlùmí tó sì bá gbọ́ “ìṣínú” lójijì, ìṣínu ààwẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ikùn ni kí a dì mú. Lẹ́yìn náà, ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀: “ikùn tí a kò tíì rán”, èyí tí oníṣẹ́ abẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ kó lè padà wọ inú rẹ̀ fọ̀ ọ́, àti “ikùn tí okùn rẹ̀ já”, èyí tó tú fúnra rẹ̀. Ìdílé tó bá rò pé èkejì ni èkíní á gbà pé wọ́n ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré náà, “tíì”, ló ń sọ fún wọn pé ọjọ́ rírán ṣì ń bọ̀. Lọ́dún 1984, Oswaldo Borráez, dókítà kan ní Bogotá ní Kòlóńbíà, mú ọ̀rá, ó rán an mọ́ etí irú ikùn bẹ́ẹ̀ láti fi bo ìfun. Gbogbo ayé ń fi orúkọ ìlú yẹn pè é títí dòní. “Ọ̀rá Bogotá” tó wa.

Irrigation wá ńkọ́? Ìbomirin ni àwọn àgbẹ̀ ń pè é. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ oko ló ni ín: omi tí a bu rin ilẹ̀, ilẹ̀ ló ń mu ún, a kò retí pé kó padà. Omi tí a dà sínú ọgbẹ́ ikùn gbọ́dọ̀ padà jáde. Bí lítà kan bá wọlé tí ìdajì jáde, ìyókù wà níbì kan nínú ara, ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn sì gbọ́dọ̀ pariwo. Ṣan ni ọ̀rọ̀ tó mọ èyí. A ń ṣan ẹnu, a sì ń tu omi rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ “ìṣan” láìfi àmì sí i, iṣan ara ni òǹkàwé á rí. Bí a bá kọ “ṣíṣan”, yóò kà á bí omi tó ń ṣàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan ìfomiṣan.

Ìtàn ìfomiṣan ọgbẹ́ wà nílé òògùn wa pàápàá. Ẹ bi nọ́ọ̀sì yòówù ní Bẹ̀nẹ̀, yóò mọ Dakin. Henry Dakin, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ kẹ́mísírì, ló po omi yẹn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí òun àti Alexis Carrel, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Faransé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912, ń tọ́jú ọgbẹ́ àwọn sójà ní Compiègne. Wọ́n ti rọ́bà tí wọ́n lu ní ihò wẹ́wẹ́ bọ inú ọgbẹ́, wọ́n sì ń da omi náà gbà á ní wákàtí méjì-méjì. Egbò ara tó kẹ̀ ló wà fún o. Sórí ìfun tó wà ní gbangba, omi iyọ̀ ni: gíráàmù 9 iyọ̀ nínú lítà kan. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù nípa “omi iyọ̀” lásán, torí ilé ìdáná kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. “Omi iyọ̀ ìgò” ni kí a máa wí, èyí tí wọ́n sé láti ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Fún ìkejì, aspiration, mo ti rí ẹni tó fẹ́ lo òòfà. Òòfà ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó ń fa irin. Ẹlòmíràn ní “ìfàmu”, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń mu nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn tó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ ti mọ ìṣe yìí tipẹ́: wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú ìwo jáde, awọ ara á wú wọ inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ lé e. Bákan náà ni ẹ̀rọ ọsibítù ń ṣe. Argenta àti Morykwas, olùwádìí méjì ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1997: wọ́n fi fóòmù kún ọgbẹ́, wọ́n lẹ ọ̀rá mọ́ ọn lórí pinpin, wọ́n sì fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ jáde títí yóò fi dín ní milimítà mẹ́kúrì 125 sí ti ìta. Ọyún ń jáde, etí ọgbẹ́ ń súnmọ́ra, ẹran pupa tuntun ń hù. Ìfàjáde ni mo pè é. Bí ọ̀rá bá wú sókè, tàbí tí afẹ́fẹ́ ń sá lábẹ́ rẹ̀, ìfàjáde ti dúró nìyẹn, ẹni tó mọ ìtumọ̀ orúkọ náà kò ní dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kó wọ ibí yìí rárá. Pobẹ̀ kò jìnnà sí wa, níbi tí ilé ìtọ́jú egbò Buruli ti wà láti 2003 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ Raoul Follereau. Ẹnu tètè máa ń pe irú egbò bẹ́ẹ̀ ní egbò àdáàjinná. Òògùn rifampicin àti ìkejì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti wo ọ̀pọ̀ rẹ̀ jinná, orúkọ náà ṣì ń sọ fún aláìsàn pé kò lè jinná. Kí a má gbé e lé ikùn ọmọdé lórí.

Ó ku ewu tó burú jù: bí fóòmù bá fara kan ìfun láìsí ọ̀rá láàrin wọn, ìfàjáde lè dá ihò sí i, tí ohun inú ìfun á máa gba ojú ọgbẹ́ jáde. Lu kò tó fún èyí, torí lílu ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èyí kò sì dáwọ́ dúró. Ìfun ń jò: “ìjò ìfun”. Òróòro tàbí ìgbẹ́ nínú ìgò ni àmì rẹ̀. Bí wọn yóò bá lẹ ìwé kan mọ́ ara ìgò yẹn ní Ṣakẹ́tẹ́ tàbí ní Pobẹ̀, kí wọ́n fi ɛ àti ɔ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níbẹ̀, kí wọ́n má yọ àmì ohùn, kí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà: iye omi tó wọlé, iye tó jáde, àwọ̀ rẹ̀, àti pé bí ó bá dà bí òróòro, kí a pe dókítà lójú ẹsẹ̀.