Ojú Ọ̀run Gba Ẹyẹ, Ìjókòó Kò Gba Èrò: Ìtàn Ìjà Àyè Nínú Ọkọ̀ Òfuurufú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kan ara wọn. Bí àwọn àgbà tó pa òwe yìí bá wọ ọkọ̀ òfuurufú òde òní, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún un pa. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí òfuurufú ti fẹ̀ lọ salalu, èjìká èrò ń gún èjìká èrò, orúnkún ń kan ẹ̀yìn àga iwájú, ẹni méjì tí kò mọ ara wọn rí sì ń fi ìgbọ́nwọ́ du ìgbọ́wọ́lé àga kan ṣoṣo. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ẹni tó sanra, ọ̀rọ̀ náà a di ti ìtìjú. Ẹni tó sanra a káwọ́ mọ́ àyà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò títí dé òpin. Ẹni tó jókòó tì í a máa ro owó tó san fún àyè tí kò rí lò tán.

Ta ló jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì? Báyìí ni a ṣe sábà máa ń béèrè é. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn ìjókòó ọkọ̀ òfuurufú wò dáadáa, a ó rí i pé ẹni kẹta wà nínú ẹjọ́ náà tí a kì í sábà pè wá jẹ́jọ́.

Ní ọdún 1952 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fò kọjá lórí òkun Àtìláńtíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìjókòó olówó pọ́ọ́kú. Ní 1958, wọ́n gbé ìpele mìíràn tí owó rẹ̀ tún rọjú ju ti ìṣáájú lọ kalẹ̀, èyí tí a ń pè ní ìkónómì títí di òní. Ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ìjọba ló ń fọwọ́ sí iye tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́wọ́ èrò. Nígbà tí kò sí ẹni tó lè fi owó kékeré fa oníbàárà ẹlòmíràn mọ́ra, ìgbádùn ni wọ́n fi ń díje: oúnjẹ gidi, ìtọ́jú, àti àyè. Ní 1971, ilé-iṣẹ́ American Airlines gbé dùùrù sínú Boeing 747 kí àwọn èrò ìkónómì lè máa fi ṣe fàájì bí wọ́n ṣe ń lọ lókè.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1978, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó yọ ọwọ́ ìjọba kúrò nínú iye owó ọkọ̀ òfuurufú. Ire ńlá wà nínú òfin náà, a kò gbọdọ̀ sẹ́ ẹ. Owó ọkọ̀ já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ tálákà tí kì í gbọ́ ju ariwo bàálù lójú ọ̀run lọ sì di ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìdíje ti kúrò lórí ìgbádùn tó bọ́ sórí owó. Ẹni tó bá fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì ní owó pọ́ọ́kú gbọ́dọ̀ kó èrò tó pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ kì í gùn sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kàn án tán. Àyè èrò ló kù tí wọ́n lè gé.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà gé e. Wọ́n kọ́kọ́ sún àwọn ìlà ìjókòó mọ́ ara wọn. Nínú ẹjọ́ kan tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ èrò gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìlú Washington, ìdájọ́ ọdún 2017 sọ pé àlàfo láti ìlà kan sí èkejì, tó jẹ́ íǹṣì 35 tẹ́lẹ̀, ti di 31 ní ìpíndọ́gba, ó sì ti já sí 28 nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn. Ìbú ìjókòó, tó jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 18 ààbọ̀, ti sún kì sí 17.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi àga kan kún ìlà. Nígbà tí Boeing 747 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1970, èrò mẹ́sàn-án ló ń jókòó ní ìlà kan nínú ìkónómì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di mẹ́wàá. Boeing 777 ti ọdún 1995 gba ojú ọ̀nà kan náà: mẹ́sàn-án di mẹ́wàá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Mẹ́jọ ni èrò nínú ìlà Boeing 787 nígbà tó jáde ní 2011. Lónìí, mẹ́sàn-án ni ọ̀pọ̀ jùlọ ń kó. Ẹ kíyè sí i pé ara ọkọ̀ kò fẹ̀ sí i nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹni tó bá ti wọ dánfó l'Ékòó rí mọ ìtàn yìí dunjú. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ á kígbe pé "Mẹ́rin-mẹ́rin ni, ẹ sún!" lórí àga tó jẹ́ ti ẹni mẹ́ta. Àwọn èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn, wọ́n á máa wo ìdí ìyá olójà tó wà láàárín, kọ̀ńdọ́kítọ̀ á sì ti ka owó ẹni kẹrin sápò.

Lóòótọ́, ara èèyàn náà kò dúró lójú kan. Ọmọ Amẹ́ríkà òde òní tẹ̀wọ̀n ju bàbá-bàbá rẹ̀ ti ọdún 1960 lọ dáadáa. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2003, ọkọ̀ kékeré kan tó gbéra ní ìlú Charlotte já, gbogbo ẹni 21 tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Àwọn olùwádìí rí i pé àṣìṣe nínú àtúnṣe okùn ìdarí rẹ̀ wà nídìí ọ̀ràn náà, àti pé ẹrù ti pọ̀ jù ní apá ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n ń fojú bù fún èrò kọ̀ọ̀kan kò bá ti àwọn èèyàn gidi mu mọ́. Lẹ́yìn èyí ni àjọ FAA, tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú ní Amẹ́ríkà, mú ìwọ̀n náà lọ sókè. Ìyẹn ni pé nínú ìṣirò ẹrù, wọ́n gbà pé èèyàn ti tóbi sí i. Nínú ìṣirò àga, àyè ń kéré sí i.

Ta wá ni kó san owó ìyàtọ̀ náà? Ìdáhùn Southwest Airlines ni pé ìgbọ́wọ́lé ni ààlà: ẹni tí ara rẹ̀ bá kọjá rẹ̀ yóò nílò ìjókòó méjì. Ní oṣù Kejì ọdún 2010, wọ́n sọ Kevin Smith, olùdarí fíìmù, kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn ní Oakland lẹ́yìn tó ti jókòó tán. Ìjókòó méjì ló ti rà fún ọkọ̀ mìíràn, àmọ́ ọkọ̀ tó tètè ń lọ ló wọ̀, ẹyọ kan ló sì ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti gbọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n máa ń dá owó ìjókòó kejì padà fún ẹni tó bá rà á. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, wọ́n mú òfin náà le, kì í ṣe ìgbà gbogbo ni owó náà ń padà mọ́. Ní 2013, Samoa Air tiẹ̀ gbé òṣùwọ̀n jáde: bí èrò àti ẹrù rẹ̀ bá ṣe wúwo tó ni yóò ṣe sanwó.

Orílẹ̀-èdè Kánádà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1997, obìnrin kan tó jẹ́ onímọ̀ òfin ní Calgary wọ ọkọ̀ Air Canada, ìjókòó kò gbà á, ó sì pe ẹjọ́. Àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìrìnnà kọ́kọ́ dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ní 2006 ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé ìdènà gidi ni ara rẹ̀ jẹ́ fún un nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó sì yẹ kí òfin dáàbò bò ó. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2008, nínú ẹjọ́ mìíràn tí àwọn aláàbọ̀ ara pè, àjọ kan náà pàṣẹ pé lórí ìrìnàjò abẹ́lé, ẹnì kan, owó kan. Ẹni tí ìsanra rẹ̀ bá ti di àbùkù ara, tàbí tó nílò olùtọ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní san owó ìjókòó kejì. Àwọn ilé-iṣẹ́ gbé e dé ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ, ilé-ẹjọ́ náà kò gbọ́ ọ, òfin sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009.

Ẹni tó bá béèrè pé kí ló kan òun tí òun yóò fi bá ẹlòmíràn san owó ọ̀rá ara rẹ̀, kò béèrè ohun tí kò tọ́. Àjọ náà ṣírò rẹ̀: bí wọ́n bá pín ìnáwó náà sórí gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì, yóò jẹ́ nǹkan bí sẹ́ǹtì 77 fún Air Canada àti sẹ́ǹtì 44 fún WestJet. Kò tó dọ́là kan. Ẹni tó jókòó ti ẹni ńlá náà jèrè nínú rẹ̀, nítorí ìjókòó òfìfo tó wà láàárín wọn fún òun náà ní gbogbo àyè tó rà.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà kò tíì yanjú. Òfin ọdún 2018 ní kí FAA fi ìwọ̀n tí ìjókòó kò gbọdọ̀ kéré jù lélẹ̀ láàárín ọdún kan. FAA dán an wò bóyá èrò lè tètè jáde nígbà ewu, nítorí ìlànà ni pé kí ọkọ̀ ṣófo láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 90. Àwọn abarapá tí kò tíì pé ọmọ 60 ọdún nìkan ni wọ́n fi dán an wò. Ìyá àgbà kò sí níbẹ̀, ẹni tó sanra rẹpẹtẹ kò sí níbẹ̀. Ní 2022, wọ́n ní kí aráàlú sọ tẹnu wọn, èsì tó wọlé sì lé ní 26,000. Ní 2023, ilé-ẹjọ́ kọ̀ láti fi tipá mú àjọ náà.

Kí ìdájọ́ tó dé, ìwà ọmọlúàbí ṣì wà. Ẹni tó mọ̀ pé ìjókòó kan kò lè gba òun, kó tètè sọ fún ilé-iṣẹ́ kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé. Ẹni tí àyè há mọ́, kó pe òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá ìjókòó mìíràn wà. Kò gbọdọ̀ dójú ti ẹnìkejì rẹ̀ lójú ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ẹni tó fẹ́ tẹ àga sẹ́yìn, kó kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó wà láàárín ni kí a fi ìgbọ́wọ́lé méjèèjì sílẹ̀ fún, nítorí kò ní fèrèsé, kò sì ní ojú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n sùúrù láàárín èrò méjì kò lè dá íǹṣì tí wọ́n ti gé padà. Nígbà tí ẹ bá tún jókòó láàárín ẹni méjì lójú ọ̀nà Èkó sí London, tí ìgbọ́nwọ́ yín kò rí ibi tó fẹ́ gbé ara lé, ẹ ka àga tó wà nínú ìlà yín, kí ẹ tó wo ara ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.