Fílàó Inú Àwo: Igi Bọ́ńsáì Tó Bá Akpakpa Mu

Fílàó (Casuarina equisetifolia) ni igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé rẹ̀ rí bí irun, tó máa ń dún bí ẹni ń súfèé nígbà tí atẹ́gùn òkun bá fẹ́ sí i. Wọ́n ti gbìn ín sí yanrìn etíkun Orílẹ̀-èdè Benin, pàápàá ní agbègbè Sèmè tó wà ní ìlà-oòrùn Kùtọnù, fún igi ìdáná, fún òpó, àti láti fi dá atẹ́gùn dúró. Igi yìí kan náà wà lára àwọn tí àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ bọ́ńsáì ní Indonesia àti Taiwan fẹ́ràn púpọ̀. Ẹni tó bá ń gbé Akpakpa ní Kùtọnù, tó sì fẹ́ tọ́ igi kékeré nínú àwo, kò ní láti ránṣẹ́ sókè òkun. Igi tó mọ iyọ̀, yanrìn àti oòrùn àdúgbò rẹ̀ wà nítòsí.

Bọ́ńsáì kì í ṣe irú igi kan lọ́tọ̀. Igi ńlá ni, tí a ń gé gbòǹgbò rẹ̀, tí a ń gé ẹ̀ka rẹ̀, tí a sì ń tọ́ nínú àwo pẹrẹsẹ títí yóò fi ní ìrísí àgbà igi láì ga púpọ̀. Ilẹ̀ China ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé Japan, Japan ló sì fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é. Ní 1976, nígbà tí Amẹ́ríkà ń ṣe àjọ̀dún igba ọdún òmìnira rẹ̀, Japan fi igi 53 ta á lọ́rẹ. Ọgbà ìjọba ní Washington, National Arboretum, ni wọ́n wà. Ọ̀kan lára wọn jẹ́ páìnì tí wọ́n ti ń tọ́jú nínú àwo láti 1625. Hiroshima ni ilé ìdílé Yamaki tó ni ín, ibẹ̀ ló sì wà lọ́jọ́ tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bọ́ ní 1945. Igi náà kò kú.

Sípírẹ́sì irà, àti ìdí tí kò fi yẹ Kùtọnù

Ọ̀pọ̀ ìwé àti fídíò tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí máa ń yin igi kan tí a lè pè ní sípírẹ́sì irà (Taxodium distichum). Inú irà gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ló ti wá, òun sì ni igi ìpínlẹ̀ Louisiana láti 1963. Lẹ́bàá odò Black River ní North Carolina, àwọn onímọ̀ ka òrùka inú ìtí ọ̀kan nínú wọn, wọ́n rí i pé ó ti lo ọdún 2,624, ó kéré tán. Ọdún 2019 ni wọ́n kéde rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe bọ́ńsáì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó máa ń gbà kí a gé gbòǹgbò rẹ̀ gan-an, ó lè dúró nínú omi jálẹ̀ àkókò ooru wọn, ìdí rẹ̀ a sì máa wú. Vaughn Banting, ará New Orleans, ló sọ àrà orí pẹrẹsẹ di olókìkí lára rẹ̀, àrà tó wò lára àwọn àgbà igi inú irà Louisiana.

Ṣùgbọ́n igi tó ń wọ́wé ni. Otútù àti ọjọ́ kúkúrú ló ń sọ fún un pé kó sinmi, òpin àkókò otútù náà ni wọ́n sì ń pààrọ̀ àwo rẹ̀, kí ọ̀mùnú tó là. Ní Kùtọnù, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò tó wákàtí kan, ojú ọjọ́ kì í sì í sábà tutù ju 20°C lọ, kódà nígbà ọyẹ́. Igi tí kò rí ìsinmi tí ara rẹ̀ ń retí máa ń rẹ̀ ni. Nítorí náà, èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó sanwó ọkọ̀ òfuurufú àti ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn nítorí rẹ̀. Ohun tó yẹ ká gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọgbọ́n ìtọ́jú: igi tí a rà, tí a sọ di àgbà, àti omi tí kì í gbẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní ẹbí ní Florida, níbi tí sípírẹ́sì irà ti ń hù fúnra rẹ̀, kó má fi èso fílàó ránṣẹ́ sí wọn o. Fílàó ti di igi tó ń fún àwọn igi ìbílẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, òfin sì ti dè é.

Bí fílàó ṣe rí

Àlejò ni fílàó náà lọ́dọ̀ wa. Gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, Australia àti àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ni orísun rẹ̀. Ní Senegal, 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í dá yanrìn etíkun dúró kó má baà bo oko. Kì í ṣe páìnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èso rẹ̀ jọ ti páìnì. Ohun tí à ń pè ní ewé rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka tín-ín-rín aláwọ̀ ewé tó ní oríkèé. Bí a bá fà á já ní oríkèé kan, a ó rí eyín wẹ́wẹ́ bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ tó yí i ká, àwọn eyín yẹn gan-an sì ni ewé. Ara gbòǹgbò rẹ̀ ní kókó kéékèèké. Inú wọn ni kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Frankia ń gbé, tó ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ fún igi náà. Ìdí nìyí tó fi ń yè nínú yanrìn tí ọ̀pọ̀ igi mìíràn kò lè gbé. Ní erékùṣù Madura ní Indonesia, cemara udang ni orúkọ rẹ̀, etíkun Lombang ló sì ti gbajúmọ̀ jù.

Rírà á

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ni Ọjọ́ Igi ní Benin láti 1985, àwọn tó ń tọ́ igi kéékèèké tà sì máa ń múra sílẹ̀ dè é. Inú ọ̀rá dúdú ni wọ́n ń ta fílàó. Ẹni tó fẹ́ gbin ín sínú ọgbà á mú èyí tó ga, tó sì gún. Ẹni tó fẹ́ ṣe bọ́ńsáì á béèrè èyí tí wọ́n ti gbàgbé sí kọ̀rọ̀, tó ti tẹ̀, tí nǹkan ti jẹ orí rẹ̀, tó sì ní ẹ̀ka nísàlẹ̀. Ìdí igi la kọ́kọ́ ń wò. Ká fi ìka wa iyẹ̀pẹ̀ orí ọ̀rá títí a ó fi rí ibi tí gbòǹgbò ti yà: bí wọ́n bá yà káàkiri bí ìka ẹsẹ̀, igi náà dára, bí ọ̀kan bá lọ́ mọ́ ìtí, yóò fún un lọ́rùn lọ́jọ́ iwájú. Bí gbòǹgbò bá ti gba ìsàlẹ̀ ọ̀rá kọjá wọnú ilẹ̀, kí olùtà gé e níbẹ̀, ká sì fi igi náà sílẹ̀ síbòòji fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó kúrò níbẹ̀.

Fílàó inú ọ̀rá sábà máa ń tín-ín-rín bí ìka ọwọ́. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ lójú ẹsẹ̀ yóò ní igi tín-ín-rín títí ayé, nítorí pé àwo kékeré kì í jẹ́ kí ìtí sanra. Abọ́ ńlá tó fẹ̀, tí a lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ni ibùgbé rẹ̀ àkọ́kọ́, fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ká jẹ́ kó dàgbà bó ṣe fẹ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó gé ìtí náà kúrú, sókè ẹ̀ka kan tí yóò di orí tuntun. Ìlànà àtijọ́ ni pé kí gíga igi jẹ́ bí ìlọ́po mẹ́fà ìbú ìdí rẹ̀. Nítorí náà ìtí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún yóò parí sí bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà.

Pípààrọ̀ àwo

Ìgbà tí òjò ńlá bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tàbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí dára jù, láti ìparí oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún. Kùtọnù ní àkókò òjò méjì, ọ̀kan láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, èkejì láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá. Nígbà ọyẹ́, oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fa omi lára ewé ju bí gbòǹgbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ti lè mú un wá. Ìgbà yẹn ni kí a má fọwọ́ kan gbòǹgbò rárá.

Abẹ́ ìbòòji la ti ń ṣe é. A ó fi abẹ ya ọ̀rá náà, a ó sì fi igi ṣóńṣó tú gbòǹgbò láti ìta wọ inú, bí a ṣe ń tú irun tó ta kókó, ká máa wọ́n omi sí i kó má gbẹ. Èyí tó yípo ìsàlẹ̀ la ó gé dànù, pẹ̀lú gbòǹgbò àárín tó ń lọ sísàlẹ̀ tààrà. Àwọn tó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ la ó dá sí. Ibí yìí ni fílàó ti yàtọ̀ sí sípírẹ́sì irà. A lè fọ gbòǹgbò sípírẹ́sì irà mọ́ tónítóní kó má sì ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n a kì í gba gbogbo iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ lára fílàó. Ká fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ ìdí, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn kókó Frankia wà. Bí a bá ní iyẹ̀pẹ̀ láti ìdí fílàó tó ti dàgbà, ẹ̀kúnwọ́ kan rẹ̀ yóò ràn án lọ́wọ́. A kì í sì í gé ìtí lọ́jọ́ kan náà tí a gé gbòǹgbò. Ìyà kan tó o.

Iyẹ̀pẹ̀ inú àwo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé yanrìn ni fílàó ń gbé, kí a kó yanrìn Akpakpa sínú àwo. Nínú ilẹ̀, omi ní ibi jíjìn tó ń lọ. Nínú àwo tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ, omi máa ń dúró sísàlẹ̀ ni, bí hóró iyẹ̀pẹ̀ bá sì ṣe kéré sí ni omi náà yóò ṣe ga sí, títí tí afẹ́fẹ́ kò fi ní kan gbòǹgbò mọ́. Hóró ńlá ló ń tú omi náà sílẹ̀. Àpáàdì ìkòkò tàbí bíríkì tí a gún, tí a fi asẹ́ yọ èyí tó kúnná kúrò títí yóò fi ku kìkì hóró bíi mìlímítà méjì sí márùn-ún, dára púpọ̀, kò sì wọ́n. A lè po apá méjì rẹ̀ pọ̀ mọ́ apá kan yanrìn odò tó ní hóró àti apá kan ilẹ̀dú tó ti jẹrà dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má lọ wa yanrìn etíkun. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí èbúté Kùtọnù ní 1965 ni yanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ kò ti dé ẹ̀gbẹ́ Akpakpa bíi ti tẹ́lẹ̀. Òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, ìjọba sì ti fòfin de wíwa yanrìn etíkun.

A ó fi nẹ́ẹ̀tì bo ihò àwo, a ó ti wáyà gba inú ihò náà wá sókè, a ó sì fi í di gbòǹgbò mọ́lẹ̀. Atẹ́gùn òkun lágbára ní Akpakpa; bí igi bá ń mì nínú àwo, gbòǹgbò tuntun á máa já kó tó mú ilẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó da iyẹ̀pẹ̀ sí i, a ó fi igi tín-ín-rín gún un wọ àárín gbòǹgbò kó má sí àlàfo, a ó sì bomi rin ín títí omi tó ń jáde nísàlẹ̀ yóò fi mọ́. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó padà sí oòrùn gangan, ó di oṣù kan kó tó rí ajílẹ̀. Ọdún kọ̀ọ̀kan tàbí ọdún méjì-méjì la ń tún un ṣe, nítorí pé gbòǹgbò fílàó kì í pẹ́ kún àwo.

Omi, ajílẹ̀ àti ìrísí

Fílàó inú àwo kò gbọ́dọ̀ gbẹ rí. Ewé rẹ̀ kì í rọ bíi ti ẹ̀fọ́ láti kìlọ̀ fúnni. Nígbà tí a bá rí i pé ó ti pọ́n, ẹ̀ka náà ti kú. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la ń bomi rin ín lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tí kì í sí nílé lọ́sàn-án lè gbé àwo náà sínú ọpọ́n tí omi inú rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún sípírẹ́sì irà, kó sì máa da omi náà nù lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta kí ẹ̀fọn má baà pa ọmọ síbẹ̀. Omi òjò ló dára jù. Omi kànga tó sún mọ́ òkun tàbí ọ̀sà lè ní iyọ̀. Fílàó lè fara dà á, àmọ́ bí iyọ̀ funfun bá ti ń hàn létí àwo, kí a fi omi òjò ṣan iyẹ̀pẹ̀ náà dáadáa. Ajílẹ̀ díẹ̀ tó o. Bí náítírójìn bá pọ̀ jù, igi náà kò ní ṣe kókó mọ́, ẹ̀ka rẹ̀ á sì máa gùn láìnídìí. Orí bíríkì ni kí a gbé àwo lé, nítorí ikán.

Ìka la fi ń já ṣóńṣó ewé rẹ̀ ní oríkèé, nítorí pé ibi tí a bá fi àlùmọ́gàjí gé máa ń pọ́n. Ẹ̀ka tí a bá gé kúrú gbọ́dọ̀ ní ewé tútù díẹ̀ lára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè kú padà dé ìtí. Ẹ̀ka kékeré gba wáyà dáadáa. Èyí tó ti nípọn a máa kán. Kí wáyà má sì pẹ́ lára rẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ olótùútù máa ń sọ pé oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa igi ń sanra kíákíá, wáyà sì lè jẹ ẹ́ lára láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ká máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ká sì gé wáyà náà sí wẹ́wẹ́ dípò títú u.

Odán rọrùn ju fílàó lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àjàgbọn náà sì dára. Ẹni tó bá jẹ́ pé igi tó ń wọ́wé gan-an ni ọkàn rẹ̀ fẹ́ lára sípírẹ́sì irà, osè ni kó mú. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń mú osè sùn, kì í ṣe otútù. Bí ewé rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, kí a dín omi kù, kí a jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ gbẹ, kí a sì pa á mọ́ kúrò lábẹ́ òjò tó bá ṣèèṣì rọ̀. Nígbà tí ọ̀mùnú àkọ́kọ́ bá yọ, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, la ó pààrọ̀ àwo rẹ̀, a ó sì fi í sílẹ̀ láìbomi rin ín fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ojú ibi tí a gé lára gbòǹgbò rẹ̀ lè gbẹ.