Ìjẹunrekánú: Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Ẹni Tó Fẹ́ Dín Sanra Kù

Obìnrin kan tí mo mọ̀ fi oṣù mẹ́jọ dín kílò 11 kù lára. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a jà, dókítà ló sì ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó padà sí ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, màmá àgbàlagbà kan dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ìyá Ìbejì, kí ló dé tí o rù báyìí? Ṣé kò sí nǹkan?" Ó dáhùn pé, "Kò sí nǹkan o, mà. Ara mi le." Màmá náà kò gbà. Ó ní òun á máa rántí rẹ̀ nínú àdúrà.

Mi ò dá màmá náà lẹ́bi, ọ̀rọ̀ tí èdè fún un ló lò. Lẹ́nu àwa Yorùbá, ẹni tí ara rẹ̀ bá dín kù, àìsàn tàbí ìyà ló ń jẹ ẹ́: ó rù, ó gbẹ, ó joro, ó rù kan eegun. Ẹni tó bá sanra ni ìgbádùn wọ̀ lára. Tẹ́ẹ́rẹ́ àti pẹ́lẹ́ńgẹ́ dùn-ún gbọ́ létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run ṣe dá ènìyàn ni wọ́n ń sọ, wọn kò sọ ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Dín sanra kù tí ọ̀pọ̀ ń wí báyìí dára, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Tí ó bá di pé a ń wá orúkọ fún iṣẹ́ náà, ìmúrafúyẹ́ ni èmi yóò mú, nítorí "ara mi fúyẹ́" ni ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ máa ń wí. Ìlera wà nínú rẹ̀.

Irú iṣẹ́ ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí kò ju agbára wa lọ. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, nínú ètò ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní Ifẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé sì ṣe olótùú Èdè-Ìperí Yorùbá tó jáde ní 1984. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé yẹn dá lé. Ara àti ìkòkò ọbẹ̀ ṣì ń retí tiwọn.

Ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ohun tí oúnjẹ ń fún wa tí a fi ń rìn, tí a fi ń ronú, tí ọkàn wa fi ń lù lójú oorun. Agbára ni ọ̀pọ̀ atúmọ̀ èdè ń pè é. Agbára ti tóbi jù: ìjọba ní agbára, iná mànàmáná ní agbára, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ kó ronú kan àmàlà. Okun ni ọ̀rọ̀ náà. Inú oúnjẹ ni okun ti ń wá, ó sì ń tán. Àwọn baba wa tó ní okun inú la fi ń gbé tìta ti fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ìdí tí ẹni tó ń sáré fi gbọ́dọ̀ jẹun. Kálórì, òṣùwọ̀n okun ni. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí a ti fi kílò àti mítà sílẹ̀. Gíráàmù kan èròjà amúaradàgbà inú ẹ̀wà tàbí ẹja ń mú kálórì 4 wá, sítáàṣì inú iṣu ń mú 4, ọ̀rá àti epo ń mú 9.

Àwọn onímọ̀ ní kí okun tí ń wọlé sára ẹni tó fẹ́ dín sanra kù kéré díẹ̀ sí èyí tó ń ná. Àwọn kan ti ń túmọ̀ èyí sí "àìtó oúnjẹ", mo sì kọ̀ ọ́ pátápátá, nítorí ẹni tó bá kà á á rò pé ìyàn ni wọ́n ń rán òun sí. Inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ọ̀rọ̀ tó sàn jù wà. A jẹ, ó ṣẹ́kù, a fi pamọ́: ohun tí ọ̀rá ara jẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ fúyẹ́ ń bù díẹ̀díẹ̀ nínú àjẹṣẹ́kù rẹ̀ ni. Mo dábàá ìbùlájẹṣẹ́kù. Ìṣe bíbù yẹn ni mo fẹ́, nítorí ẹnikẹ́ni kì í fi ìgbákọ kan bu ọbẹ̀ tán nínú ìkòkò.

Nínú ìpolówó ọjà, "yọ́ ọ̀rá ikùn" ni wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Òrí ni oòrùn ń yọ́. Ẹni tó bá gbà pé ọ̀rá ara náà ń yọ́, á fi láílọ́ọ̀nù di ikùn, á máa làágùn, á rò pé ọ̀rá ló ń ṣàn jáde. Omi lásán ni. Bó bá ti mumi, ìwọ̀n rẹ̀ á padà. Ọ̀rá tí ara bá ná, èémí ni púpọ̀ jù lọ rẹ̀ ń bá jáde. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ara ń ná ọ̀rá, bí a ti ń ná owó.

Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ owó, gbèsè ń bẹ fún ẹni tó bá ná okun ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dún 1945, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, olùwádìí Ancel Keys dín oúnjẹ ọ̀dọ́mọkùnrin 36 kù sí bí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ 24, kí wọ́n lè mọ bí a ṣe ń bọ́ àwọn tí ogun fi ebi pa. Àwọn fúnra wọn ló yọ̀ǹda ara wọn. Oúnjẹ òòjọ́ wọn lé díẹ̀ ní kálórì 1,500, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rin máìlì 22 lọ́sẹ̀. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn lọ. Òtútù ń mú wọn, ọkàn wọn ń lù fàà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò kúrò lẹ́nu wọn, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí kó ìwé oúnjẹ sísè jọ.

Àwọn ẹlẹ́dè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti pààrọ̀ orúkọ fún irú ìṣòro yìí lára eléré ìdárayá. Ní 1992, ohun mẹ́ta tó ń bá obìnrin eléré jà ni wọ́n pè é: àìjẹun bó ṣe yẹ, nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró, eegun tó ń di ẹlẹgẹ́. Ní 2014, ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé fi orúkọ tó gbòòrò rọ́pò rẹ̀, torí ó ń ṣe ọkùnrin náà, kò sì mọ sí mẹ́ta. Gbèsè okun ni mo pè é. Èdè wa ló kúkú ní à ń jẹ gbèsè. Ẹni tí kò jẹun tó, tó sì ń sáré láràárọ̀, gbèsè ló ń jẹ. Ara rẹ̀ á sì kọjá ọ̀rá, á bẹ̀rẹ̀ sí ná ẹran ara. Iṣan ni àwọn ìwé kan ń pe ẹran ara yìí, ṣùgbọ́n alápatà mọ̀ pé ẹran lọ́tọ̀, ọ̀rá lọ́tọ̀, iṣan lọ́tọ̀. Ti alápatà ni mo tẹ̀ lé.

Orúkọ eré ìdárayá kò ní wàhálà: a ti pè é ní eré, kò sẹ́ni tó ní ìyà ni. Kí ìrìn àti eré sísá máa jẹ́ orúkọ wọn bẹ́ẹ̀, kí a fi ìmárale pe gbígbé ohun tó wúwo, èyí tó ń pa ẹran ara mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù ti wà lórí rédíò láti ìgbà èwe mi. Àìjẹunrekánú ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń pe ohun tó ń ṣe ọmọ tí irun rẹ̀ pọ́n, tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú. Ẹ tú u wò. Re ni pé ó dára. Kánú ni pé ó dé inú, ó tó. Ẹni tó fi ẹ̀bà ńlá àti ọbẹ̀ ata lásán yó, ó kánú, kò re. Ẹni tó jẹ ẹyin kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́ tó tún lọ sáré wákàtí kan, ó re, kò kánú. Ẹ yọ àì iwájú rẹ̀, kí ẹ fi ì sípò rẹ̀. Ìjẹunrekánú ni ohun tí àwọn dókítà ń wá fún ẹni tó ń dín sanra kù.

Ohun tí Ìyá Ìbejì wá ṣe nìyẹn. Oṣù méjì àkọ́kọ́, kì í jẹun àárọ̀, òòyì sì ń kọ́ ọ lójú ọ̀nà. Ìgbà tó padà sídìí ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́, tó dín òkèlè kù láì pa á tì, ló tó lè máa rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Kò rù. Ó fúyẹ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ìlera fún wa, ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí afẹ́fẹ́, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó ní "ẹ dín oúnjẹ kù", ẹ kọ́kọ́ kọ "ẹ jẹun re kánú".