Ilẹ̀kùn Ọkàn Ọmọ Inú Oyún: Láti 1866 Títí Dòní

Àléébù ọkàn tí ọmọ ń gbé wá láti inú oyún ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ọ̀kan péré ni mo mú, èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ní àléébù ọkàn, àwọn tó ní in kì í pé ọ̀kan. Ebstein ni àwọn dókítà ń pè é.

Ní 1864, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan tó ń ṣe lébìrà kú ní ìlú Breslau, tí wọ́n ń pè ní Wrocław ní Poland báyìí. Láti kékeré ni èémí rẹ̀ kì í tó, tí àyà rẹ̀ sì máa ń lù kì kì kì. Dókítà Wilhelm Ebstein la òkú rẹ̀ wò. Ẹ rántí pé yàrá mẹ́rin ni ọkàn ní, ilẹ̀kùn sì wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, èyí tó ní ewé mẹ́ta, ti sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá ìsàlẹ̀, kò sì lè tì dáadáa mọ́. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀ ní 1866. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, lára òkú ni wọ́n ti ń rí i.

Ní Glasgow ni ọ̀nà ti là. Ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ irin fi ń wá ibi tó sán lára irin ni Dókítà Ian Donald yá lò fún ikùn àwọn obìnrin, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1958. Síkáànù tí ẹ̀ ń ṣe lónìí, ibẹ̀ ló ti wá! Nígbà tó fi máa di bíi 1980, àwọn dókítà bíi Lindsey Allan ní London ti ń wo ọkàn ọmọ nínú ìyá rẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn nígbà náà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n rí Ebstein lára wọn nínú oyún ló ń kú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àgbàlagbà wà tó ní in tó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Kí ló fà á? Èyí tó le jù ni síkáànù máa ń tètè rí: ọkàn á ti wú débi pé ó gba àyè mọ́ ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́. Èyí tó fúyẹ́ ń fara pamọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbọ́ orúkọ àrùn kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ẹ bi dókítà pé: báwo ni ọkàn náà ti tóbi tó? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹ̀dọ̀fóró? Ṣé omi ti ń gbá jọ sára ọmọ?

Lẹ́yìn ìbí, àwọn ọmọ mìíràn á dúdú lẹ́nu àti lékàn-án, àmọ́ bí agbára inú ẹ̀dọ̀fóró bá ti ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara wọn á yá sí i. Àwọn mìíràn nílò iṣẹ́ abẹ. Dókítà José Pedro da Silva ní Brazil bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan ní 1993: ó ń kó àwọn ewé ilẹ̀kùn náà jọ, ó ń rán wọn bí àrọ tí a fi ń bu epo sínú ìgò. Iṣẹ́ yìí wù mí púpọ̀, nítorí ilẹ̀kùn ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ oògùn lithium náà wà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ní òun ló ń fa Ebstein lára ọmọ àwọn obìnrin tó ń lò ó fún àìsàn ọpọlọ. Ìwádìí tó dé lẹ́yìn fi hàn pé ewu rẹ̀ kéré ju bí wọ́n ti rò lọ. Ẹni tó bá ń lò ó, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Kó lọ bá dókítà rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má bi aya ọmọ yín pé kí ló jẹ tàbí ta ló ṣẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni ọkàn ọmọ ti ń pé, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún.

Ẹni tí oyún rẹ̀ bá wà láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22, kó bi ẹni tó ń ṣe síkáànù bóyá ó rí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọ́n bá rí àléébù, ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà ọkàn ọmọdé ni kó ti bímọ, kó má jẹ́ pé ìgbà tí ìrọbí bá mú un ni wọn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọkọ̀.