Orúkọ Tí Akọ̀wé Fi Etí Gbọ́: Iṣẹ́ Àdàkọ Ìwé Àwọn Tí A Gbà Sílẹ̀ Lóko Ẹrú ní Freetown àti Havana

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn akọ̀wé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá sílẹ̀ ní Freetown ní apá àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò mọ ilé kankan tí wọn ìbá wò. Ohun tí etí wọn gbọ́ ni wọ́n kọ. Lóde òní, ọwọ́ àwọn adàkọ ni orúkọ wọ̀nyí tún bọ́ sí, ìyẹn àwọn olùrànlọ́wọ́ olùwádìí tí ń ka ìwé àfọwọ́kọ náà tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì ni ti adàkọ: pípa lẹ́tà akọ̀wé mọ́, àti títúmọ̀ orúkọ. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ba ẹ̀rí jẹ́.

Bí ìwé náà ṣe wáyé

Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Láti 1808 ni wọ́n ti ń mú ọkọ̀ ojú omi tó bá kó ẹrú lọ sí Freetown, kí ilé ẹjọ́ lè dájọ́ lé e lórí. Akọ̀wé a wá kọ nọ́ńbà ẹnì kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, bó ṣe ga tó, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti àpèjúwe àpá tàbí ilà tó wà lára rẹ̀.

Àjàyí wà lára àwọn tí a gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Myrmidon gbà á lórí omi ní oṣù Kẹrin 1822. Òun ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ìtàn tirẹ̀ kò parun nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé yẹn ni gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù nípa wọn.

Etí akọ̀wé àti ojú adàkọ

Nígbà tí Àjàyí gúnlẹ̀, kò tíì sí ìlànà àkọtọ́ tó fìdí múlẹ̀ fún fífi lẹ́tà Rómù kọ Yorùbá. 1843 ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe jáde. Akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kò ní lẹ́tà fún ẹ, ọ àti ṣ, kò sì ka ohùn sí. Bó bá kọ “Ade”, ó lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ Adébáyọ̀ tàbí Adékúnlé tí kò gbọ́ parí. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà ní wàhálà tirẹ̀: “n” a máa jọ “u”, “a” a sì máa jọ “o”, tó bẹ́ẹ̀ tí “Aina” fi lè dà bí “Oiua” lójú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ìmọ̀ èdè nìkan kọ́ ló ń tọ́ ni sọ́nà. Òjó ni ọmọkùnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Bí “Ojo” bá wá hàn níwájú orúkọ obìnrin, ó yẹ kí adàkọ tún ojú ìwé náà wò dáadáa. Síbẹ̀, kò gbọdọ̀ yí i padà sí “Aina” nítorí pé ìyẹn ló bá àṣà mu. Akọ̀wé lè ti ṣi ọkùnrin kọ sí obìnrin. Orúkọ náà sì lè má jẹ́ ti Yorùbá rárá.

Ní Havana, níbi tí wọ́n ti forúkọ àwọn ènìyàn tó ju 10,000 lọ sílẹ̀ láàárín 1824 àti 1841, etí Sípéènì ló gbọ́ orúkọ. Wọ́n ń kọ orílẹ̀-èdè ẹni pẹ̀lú. Lucumí ni wọ́n ń pe Yorùbá. Bí Ṣàngó ṣe di Changó tí Yemọja sì di Yemayá ní Kúbà, bẹ́ẹ̀ ni “ch” lè dúró fún ṣ, tí “y” sì lè dúró fún j nínú orúkọ ènìyàn. Adàkọ tí kò mọ èyí yóò rò pé àjèjì ni ọmọ ilé.

Ohun tó wà nínú ewu

Iṣẹ́ African Origins, tí David Eltis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Emory, kó orúkọ tó ju 91,000 jọ láti inú ìwé méjèèjì, wọ́n sì ké sí àwọn elédè Áfíríkà láti fetí sí orúkọ wọ̀nyí kí wọ́n sì sọ ibi tí wọ́n ti wá. Lára irú ẹ̀rí báyìí ni àwọn òpìtàn fi ń díwọ̀n iye ènìyàn tí ogun ìgbà ìṣubú Ọ̀yọ́-Ilé gbé dé etí òkun. Bí adàkọ bá ń fa gbogbo orúkọ sọ́dọ̀ Yorùbá, Nupé àti Haúsá yóò pòórá nínú ìtàn. Bí kò bá sì mọ Yorùbá, Yorùbá ni yóò pòórá. Orúkọ Mùsùlùmí bíi Momodu kò tilẹ̀ ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé orúkọ yẹ̀ wò pẹ̀lú èbúté tí ọkọ̀ ti gbéra, ilà ojú, àti orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀.

Ìkádìí

Ìlànà tó yẹ kò le. Kí àyè kan wà fún ohun tí akọ̀wé kọ, lẹ́tà sí lẹ́tà, láìfi àmì ohùn kún un. Kí àyè kejì wà fún ìtumọ̀, pẹ̀lú àmì ohùn àti ìdí tí a fi rò bẹ́ẹ̀. Olùwádìí ọ̀la lè tako àyè kejì, kí ó sì rí àkọ́kọ́ bá bó ṣe wà. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1822 kò rí ìwé náà kà kí ó lè tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí àdàkọ mìíràn ṣi orúkọ rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kejì.